Ìrìn-àjò Ọdẹ́rìndé sí Ìlú Igbá-Ojú

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn. Etí mi kò gbọ́ràn tó bó ṣe ń gbọ́ tẹ́lẹ̀, mo sì fẹ́ràn láti máa rí ojú ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti fi ọwọ́ gba ẹran lẹ́nu ẹkùn rí, mo sì ti bá iwin jẹ iṣu ní ìdí ààrò kan náà, iwin ló sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, kó rẹ́rìn-ín rẹ̀ tán, n óò dúró dè é. Àmọ́ ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́rìndé ni, ọmọ ìlú Ajíṣọdẹ, ẹni tí a jọ kọ́ṣẹ́ ọdẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí a ṣe ń yẹ ẹ̀pà wò kí a tó jù ú sẹ́nu, n kò sì rí èyí tó bàjẹ́ níbẹ̀.

Kí ẹ kọ́kọ́ mọ irú ènìyàn tí Ọdẹ́rìndé jẹ́. Ọkùnrin náà kì í gba ohunkóhun gbọ́. Bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run kó tó dá ọ lóhùn. Omi tí ìyàwó rẹ̀ bá gbé fún un, á gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí àkọ́bí rẹ̀, tí àwọn ìyá ní ọkùnrin ni, ó ní kí wọ́n ṣí aṣọ kí òun fojú ara òun rí i. Àwọn ènìyàn a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà a sì máa dá wọn lóhùn pé ìfura loògùn àgbà. Inú igbó tí àwọn tí kò fura kú sí ló dàgbà sí, ẹ má dá a lẹ́bi.

Ọkùnrin yìí ní àbúrò obìnrin kan tí ń jẹ́ Mojírádé. Ọkọ Mojírádé ni Ọdẹ́níyì, ògbólógbòó ọdẹ tí ẹnu rẹ̀ mú ju ìbọn rẹ̀ lọ. Òun àti Ọdẹ́rìndé ni wọ́n jọ máa ń ṣọdẹ. Àìsàn ló pa Ọdẹ́níyì, kì í ṣe ẹran. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló fi sáyé lọ, Abídèmí, ọmọ tí ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ki, tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì mọ̀ bóyá kí òun hù tàbí kí òun dúró ná.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ọdẹ, ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa. Bí ọdẹ bá kú, a kì í kàn sin ín kí a sì lọ jẹun. A ní láti ṣí ìpà rẹ̀. Àwọn ọdẹ á kó ìbọn rẹ̀ tó ti gbó, àpò rẹ̀ àti gbérí tó ń wọ̀ lọ sóko ọdẹ, wọ́n á gbé wọn wọ inú igbó, kí ẹ̀mí rẹ̀ lè mọ̀ pé òun kò sí lára àwọn ọdẹ ayé mọ́. Kí wọ́n tó gbé e, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin á dúró lójú gbogbo ọdẹ, á sun ìrèmọ̀jé bàbá rẹ̀, á sọ ẹran tó pa àti igbó tó wọ̀. Ibi tó ti wá le ni pé ẹnu ọdẹ kì í dákẹ́. Bí ọmọ náà bá ṣì í wí, tàbí bí ọdẹ kan bá kàn rò pé ó ṣì í wí, yóò dìde láàárín èrò, yóò ní, irọ́ lo pa, gbọ́ bó ṣe rí. Ọmọ náà á fèsì, tàbí kí ojú tì í. Bí a ṣe ń ṣe é láti ìgbà àwọn baba wa nìyẹn. Bí a kò bá sì ṣí ìpà ọdẹ kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, òkú náà á dúró sí etí igbó, kò ní í sí nílé, kò ní í sí lọ́run.

Abídèmí kò lè dúró lójú ènìyàn. Bí èrò díẹ̀ bá wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já, òógùn á bo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ á gbẹ. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Bó bá ku òun nìkan nínú oko, orin tó máa ń kọ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà ń dẹsẹ̀ dúró. Wọ́n ní kó gbóyà, ó ní òun gbọ́. Bàbá rẹ̀ nà án títí nígbà tó wà láyé, kò yí padà. Bí ọjọ́ ìṣípà ti ń sún mọ́lé, kò sùn dáadáa mọ́, kò jẹun kánú, ó ṣáà ń fọwọ́ di àyà mú bí ẹni pé nǹkan fẹ́ já bọ́ níbẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kan, wọ́n wá a, wọn kò rí i. Mojírádé sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní àlejò kan tó ń ta abẹ́rẹ́ kọjá ní àdúgbò, ó sì fi ààbọ̀ igbá dúdú kan tó ń dán han àwọn ọmọkùnrin. Ojú ni wọ́n ń fi igbá náà bò. Àlejò yìí sọ pé ní Ìlú Igbá-Ojú, lẹ́yìn Igbó Àìwẹ̀yìn, wọ́n ń yọ ìbẹ̀rù kúrò láyà ọmọkùnrin, wọn kì í sì í gba nǹkan kan. Ọdẹ́rìndé bi í bóyá òjìji àlejò náà hàn nílẹ̀. Mojírádé ní òun kò wo òjìji. Ọdẹ́rìndé ní ibi tó ti ṣàṣìṣe nìyẹn.

Mojírádé wá kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi mú un wá," ló wí. "Ọkọ mi ń dúró ní etí igbó. Bí ọmọ yìí kò bá dé kí òjò tó rọ̀, àwọn méjèèjì ni mo pàdánù."

Ọdẹ́rìndé mú ìbọn, ó di iṣu sísun sápò, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n. N kò ní í fi bó ṣe rìn dà yín láàmú, ẹsẹ̀ ló fi rìn.

Ó dé Igbó Àìwẹ̀yìn. Ní ẹnu ọ̀nà igbó náà, odídẹrẹ́ kan wà tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa kìlọ̀ fún ènìyàn pé ẹni tó bá wọlé kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn, nítorí pé ẹni tó bá wẹ̀yìn, ara rẹ̀ á di igi. Gbogbo ènìyàn ló máa ń gbọ́ràn. Àwa náà là bá gbọ́ràn, ẹ má parọ́. Ọdẹ́rìndé dúró, ó wo odídẹrẹ́ náà, ó bi í pé ta ló rán an níṣẹ́, ta ló sì ń fún un lóúnjẹ. Odídẹrẹ́ náà ń ṣẹ́jú. Ọdẹ́rìndé wọlé, ó rìn díẹ̀, ó bá wẹ̀yìn fìrí. Ẹ̀yin ènìyàn, kò di igi. Àwọn igi ni wọ́n ń yọ́ rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀! Wọ́n ká gbòǹgbò wọn sókè bí obìnrin ṣe ń ká ìró nígbà tó bá fẹ́ la odò kọjá, ọ̀kan lára wọn sì ti na ẹ̀ka sí ọrùn rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ ti bà lé wọn, gbogbo wọn dúró gbagidi, wọ́n ń wo ibòmíràn bí olè tí wọ́n ká mọ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Kí ni kó wá ṣe? Bó bá kọjú síwájú, wọ́n á mú un. Ó bá yíjú sẹ́yìn pátápátá, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń fi gìgísẹ̀ wá ọ̀nà. Ó kọlu òkúta, ó jókòó sínú ẹ̀gún, ó jìn sínú ihò òkété, kò gbé ojú kúrò lára àwọn igi yẹn títí ó fi já síta. Ẹni tó ní òun lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó fẹ̀yìn rìn láti ibí dé ìdí kànga lọ́la, kí gbogbo wa wò ó. Àmọ́ inú Ọdẹ́rìndé kò dùn sí jíjá tó já. Ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọ yẹn, tí kò lè ṣe kó má gbọ́ràn sí odídẹrẹ́ lẹ́nu. Báwo ni ọmọ náà ṣe kọjá?

Ìdáhùn ń bẹ ní ẹnubodè ìlú náà. Iwin kan ló ń ṣọ́ ibẹ̀, orí rẹ̀ kéré bí ọsàn, ara rẹ̀ tóbi bí àká. Ó fi ọwọ́ dí ọ̀nà, ó ní kò sẹ́ni tí í wọlé láìjá àlọ́ òun. "Kí ló ń lé ọmọkùnrin tí kò ní ẹsẹ̀, tó ń pariwo sí i létí tí kò ní ẹnu?"

Ọdẹ́rìndé kò dáhùn. Ó bi iwin náà pé ta ló kọ́ ọ ní àlọ́ yẹn. Iwin náà ní òun kò rántí. Ó bi í pé bí òun bá já a, kí ni yóò fi ìdáhùn náà ṣe. Iwin náà ní kò sẹ́ni tó bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Ó tún bi í pé àwọn tí kò já a ńkọ́, ṣé ó pa wọ́n ni. Iwin náà ní kò tíì sí ẹni tí kò já a nínú àwọn ọmọkùnrin tó ń kọjá, kódà wọn kì í jẹ́ kí òun sọ àlọ́ náà tán. "Ìbẹ̀rù ni wọ́n máa ń wí, bàbá. Àwọn igi igbó yẹn náà kì í dí wọn lọ́nà, ńṣe ni wọ́n ń lé wọn wá síbí. Ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́. Ìbéèrè yín ti ń fọ́ mi lórí."

Ọdẹ́rìndé wọlé, àmọ́ ìfura rẹ̀ ti di méjì. Ìlú tí igi ń lé ọmọ wọ̀, tí ẹnubodè sì ń béèrè ìbẹ̀rù lọ́wọ́ ọmọ kó tó ṣílẹ̀kùn, ìlú náà fẹ́ nǹkan.

Ìlú Igbá-Ojú mọ́ tónítóní. Kò sí ewúrẹ́, kò sí adìyẹ, kò sí ariwo ẹni tó ń jà. Àwọn ọmọkùnrin ló kún gbogbo àgbàlá, àwọn tí ohùn wọn ń ki, olúkúlùkù lórí ẹní tirẹ̀, pẹ̀lú igbá dúdú lójú tí wọ́n fi okùn so mọ́ ìpàkọ́. Ọ̀kan ń na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́, ó ń pa orí nǹkan kan tí kò sí níbẹ̀. Òmíràn ń kí àwọn ènìyàn tí kò sí. Òmíràn dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà bí ẹni tó wà ní góńgó àpáta. Kò sí ẹni tó wo Ọdẹ́rìndé.

Obìnrin kan jáde wá, ó ga, ohùn rẹ̀ tutù. Ìyá Onígbá ni wọ́n ń pè é, òun ló ni ìlú. Ó kí ọdẹ náà káàbọ̀, ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ọdẹ́rìndé ní òun ti yó, ó sì mú iṣu sísun tirẹ̀ jáde, ó ń jẹ ẹ́ lójú obìnrin náà.

Ìyá Onígbá kò bínú. Ó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún un yékéyéké. Ó ní ọmọ tó bá ń bẹ̀rù ajá, òun á fi ajá kékeré kan hàn án nínú igbá, níbi tí ajá náà kò ti lè bù ú jẹ. Bí àyà rẹ̀ bá ti rọlẹ̀, òun á mú ajá náà sún mọ́ ọn, títí ọmọ náà yóò fi máa fi ọwọ́ pa á lórí. Ọmọ tó ń bẹ̀rù èrò, ẹnì kan ni yóò kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà agbo ilé, lẹ́yìn náà ọjà. Ó nawọ́ sí ọmọ kan tó ń ká ẹní rẹ̀. Ọmọ náà tú igbá lójú, ó dúpẹ́, ó gba ẹnubodè lọ sílé pẹ̀lú àyà tó balẹ̀. Ọdẹ́rìndé rí i, kò sì lè ní òun kò rí i. Àmọ́ ó tún rí ọmọ mìíràn tó ti rù kan egungun, tí okùn igbá ti wọ inú awọ ìpàkọ́ rẹ̀. Nígbà tí òjìji ọdẹ náà bọ́ sí i lára, ọmọ náà ké, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di igbá rẹ̀ mú.

"Ìyá," ni Ọdẹ́rìndé wí, "ìbẹ̀rù tí ẹ ń yọ láyà wọn, níbo lẹ ń kó o sí?"

"Mo ń jẹ ẹ́," ni Ìyá Onígbá dá a lóhùn. "Ẹni tó ń tu koríko oko yín, ẹ kì í bi í bóyá ewúrẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ fún. N kò so ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ."

Ọdẹ́rìndé rò ó. Òótọ́ ni, kò sí ẹni tí wọ́n so. Ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ iṣu tí yóò fẹ́ kí ebè tán? Obìnrin yìí á wo ọmọ sàn díẹ̀, á fi díẹ̀ sílẹ̀ kó lè tún hù. Bó ṣe rò ó nìyẹn, kò sì ní ẹ̀rí kan lọ́wọ́ ju ara rírù ọmọ yẹn lọ.

Ó wá Abídèmí kiri, ohùn ló kọ́kọ́ gbọ́. Ọmọ náà dúró lórí ẹní pẹ̀lú igbá lójú, ó ń sun ìrèmọ̀jé bàbá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sókè, ó dún ketekete, kò gbọ̀n, kò já. Ọdẹ́rìndé tó ń fura sí gbogbo nǹkan kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pe orúkọ ọmọ náà. Abídèmí tú igbá, ó rí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì fẹ́ kí i. Ohùn náà ti lọ. Àyà rẹ̀ ń já, ènìyàn kan péré sì ni Ọdẹ́rìndé. Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun tún un ṣe sí i, pé ó kù díẹ̀ tí yóò fi mọ́ òun lára tán. Ó bá tún fi igbá bo ojú.

Inú bí Ọdẹ́rìndé. Ìyá Onígbá ní ẹni tí kò tọ́ ọbẹ̀ wò kì í sọ pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì na igbá kan sí i. Ọdẹ́rìndé gbóòórùn igbá náà, kò rùn, kò sì ta sánsán. Ó wá ṣe àṣìṣe tí ọdẹ nìkan lè ṣe. Ọdẹ kì í fi ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ lójú àjèjì, nítorí náà ó fi igbá bojú pẹ̀lú ìbọn kíkì lọ́wọ́.

Igbó ló rí, igbó tòótọ́, igi arère àti ìtàkùn àti ipa ẹsẹ̀ ẹran lórí ilẹ̀ rírọ̀. Igbó náà ya níwájú rẹ̀, ẹfọ̀n kan yọ, ó tẹ orí mọ́lẹ̀, ó kọjú sí i. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí ẹfọ̀n rí, ẹ má rò pé màlúù ni. Ọ̀kan tí mo rí láyé mi, ọdún yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í hu ewú. Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn, ó nà án sí i, ìka rẹ̀ wà ní ibi tí wọ́n ti ń yìn ín. Ẹfọ̀n náà ń bọ̀. Ewé ń mì lójú ọ̀nà tó ń gbà bọ̀, ewé náà sì ń mì sí ọ̀dọ̀ Ọdẹ́rìndé. Nígbà náà ló fura. Bí atẹ́gùn bá ń ti ọ̀dọ̀ ẹfọ̀n fẹ́ wá, òórùn ẹfọ̀n ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀, òórùn tó ń gún imú. Imú Ọdẹ́rìndé kò gbóòórùn kankan, atẹ́gùn kò sì kàn án lójú.

Ó fi ọwọ́ kan já igbá kúrò lójú. Ẹnu ìbọn rẹ̀ wà ní àyà Abídèmí.

Ọmọ náà ti tú igbá tirẹ̀, ó sì dúró níwájú ìbọn náà, kò lè mira. Ọdẹ́rìndé rọra gbé ìbọn sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Abídèmí kò rí irú rẹ̀ rí. Ọdẹ́rìndé ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn ọmọdé ní Ajíṣọdẹ.

"Bàbá, ẹ̀rù ń bà yín," ni ọmọ náà wí.

"Ó ń bà mí. Kò sí ọjọ́ tí kò bà mí. O ò rí i pé mi ò lè mu omi láìgbóòórùn rẹ̀?"

"Kí lẹ máa ń ṣe sí i?"

"Mo máa ń gbé e dání lọ sóko ọdẹ ni. Èmi kò mọ ibòmíràn tí mo lè gbé e sí."

Abídèmí jókòó tì í. Ó wá sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan ló dá òun dúró sí ìlú náà. Láàárín èrò tó ń wo òun nínú igbá, bàbá òun jókòó síwájú, ó wọ gbérí rẹ̀, ó ń gbọ́ òun. Bí òun bá tú igbá, bàbá òun á tún kú.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ọdẹ́rìndé dé egungun. Ó wá bi ọmọ náà léèrè.

"Bó bá ń gbọ́ ọ, ṣé ó máa ń já ọ lẹ́nu?"

"Rárá. Ó kàn ń mi orí."

"Ọdẹ́níyì?"

Ẹni tó mọ Ọdẹ́níyì mọ̀ pé kò sí ẹni tó sọ gbólóhùn kan tán lójú rẹ̀ rí. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó rẹ̀, ó bá ẹni tó ń súre fún un jiyàn. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, nítorí pé òun náà ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́ pé kì í ṣe bàbá òun ló wà nínú igbá, kò kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n ni. Nígbà tó sunkún tán, ó tú okùn igbá náà kúrò lọ́rùn fúnra rẹ̀, ó gbé e lé orí ẹní.

Ìyá Onígbá ní kí ọmọ náà mú igbá náà lọ sílé, bóyá ọjọ́ kan á le jù fún un. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́, kò sì fi ipá mú un. Abídèmí wo igbá náà títí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà, kò mú un. Ọdẹ́rìndé ń wò ó bóyá ó fi òmíràn pamọ́ sínú aṣọ. Kódà nígbà tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn nínú Igbó Àìwẹ̀yìn, ọmọ ń ṣọ́ igi, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ń ṣọ́ igi, ó sì tún ń ṣọ́ ọmọ.

Òjò ti ń ṣú nígbà tí wọ́n délé. Àwọn ọdẹ kò fi falẹ̀, wọ́n péjọ sí etí igbó lọ́jọ́ kejì. Ohun tí Ọdẹ́rìndé kò mọ̀ ni pé Mojírádé ti lọ bá Olúọdẹ àti gbogbo ọdẹ lẹ́yìn rẹ̀, ó ti kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé bí ọmọ òun bá ń wí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe já a lẹ́nu, pé àyà rẹ̀ kò gbà á. Wọ́n ṣàánú rẹ̀, wọ́n gbà.

Abídèmí dúró níwájú wọn. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ohùn tó jáde kò dára tó èyí tó wà nínú igbá. Ó ń wí i lọ. Ó ṣi orúkọ igbó kan pè, àwọn ọdẹ mi orí. Ó fo ẹran kan, wọ́n mi orí. Ó sọ èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, àwọn àgbà ọdẹ tí wọ́n máa ń ja ìjà lórí ìrù ẹtu, wọ́n jókòó bí ère, wọ́n ń mi orí. Ohùn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ọdẹ́rìndé rí i tó ń wo wọn láti ẹnì kan dé ẹnì kejì, tó sì gbé ọwọ́ sí ojú, tó ń fi ìka wá etí igbá lára awọ ara rẹ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ba Ọdẹ́rìndé ju ti ọjọ́ ẹfọ̀n inú igbá lọ.

Ní àsìkò yẹn, ọmọ náà dé orí ẹfọ̀n tí bàbá rẹ̀ pa ní Odò Ẹlẹ́wù. Ọdẹ́rìndé dìde.

"Irọ́ lo pa," ló wí. "Èmi àti bàbá rẹ la jọ pa ẹfọ̀n Odò Ẹlẹ́wù. Ìbọn tèmi ló kọ́kọ́ bà á. Gbọ́ bó ṣe rí."

Mojírádé ká ọwọ́ lé orí. Olúọdẹ wo Ọdẹ́rìndé bí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Abídèmí kọjú sí Ọdẹ́rìndé. Ó ṣí ẹnu, nǹkan kan kò jáde. Ọdẹ́rìndé wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ti ba ọmọ yìí jẹ́, òun ti fi ọwọ́ ara òun bà á jẹ́.

"Bàbá, irọ́ ni tiyín," ni Abídèmí wí. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, àmọ́ ó jáde. "Bàbá mi sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí ẹfọ̀n yẹn yọ, orí igi lẹ wà. Ìbọn yín wà nílẹ̀. Ìgbà tí ẹran kú tán lẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ sì bẹ bàbá mi kó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jókòó, kí n máa wí tèmi lọ."

Ẹ̀rín bú jáde. Olúọdẹ rẹ́rìn-ín títí fìlà fi já bọ́ lórí rẹ̀. Àwọn ọdẹ tí wọ́n ti ń mi orí láti àárọ̀ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu wọn ti ń yún wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n ní irọ́ ló pa nípa ti ẹtu, irọ́ ló pa nípa ti igbó, ọmọ náà sì ń dá wọn lóhùn, ó ń gbọ̀n, ó ń làágùn, ó ń bá wọn jiyàn, títí ó fi sun ìrèmọ̀jé bàbá rẹ̀ délẹ̀ tí wọ́n sì gbé ẹrù òkú wọ inú igbó.

Ọdẹ́rìndé ti jókòó ní tirẹ̀. Láyé rẹ̀, ènìyàn kan ṣoṣo ló fọkàn tán, àṣírí kan ṣoṣo ló sì fi sọ́wọ́ rẹ̀. Ọdẹ́níyì ti tú u fún ọmọ rẹ̀. Èsì tó jáde lẹ́nu ọmọ náà, bí Ọdẹ́níyì ṣe máa ń já ènìyàn lẹ́nu gẹ́lẹ́ ni, láìfi ti ọjọ́ orí ṣe. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí kò ti gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó fi fìlà bojú, ó ń sunkún, inú rẹ̀ dùn, àwọn ènìyàn sì rò pé ìtìjú ni.

Ibi tó sọ ọ́ fún mi dé nìyẹn, ibẹ̀ náà ni mo sọ ọ́ fún yín dé. Ẹni tó bá rò pé mo parọ́ níbì kan, kó dìde báyìí kó wí i lójú mi.